Bọ̀dá Níyì àti Róòlù Kẹfà

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Ọlọ́runníyì Sànyà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àmọ́ Bọ̀dá Níyì ni mo ṣì ń pè é, nítorí ikú kò lè já okùn àna. Bí ẹ bá rí i níwájú yàrá rẹ̀ ní Agége, níbi tó ti ń tún fáànù ṣe, ẹ ó rò pé bàbá jẹ́jẹ́ kan lásán ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni, kì í mutí, kì í bá ará ilé jà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é láti ẹ̀yìn. Ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní dáhùn, àfi tí ẹ bá yí síwájú kó rí ojú yín. Àga rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlélógún láìmọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ nígbà náà. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti bú u bó ṣe yẹ, àna ni o, kì í ṣe àna ni o.

Kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà, níbi tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń yí fíìmù ní ilé sinimá kan nítòsí ojú irin Agége. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Yàrá kótópó kan wà lókè, lẹ́yìn orí àwọn èrò ìwòran, ó gbóná bí ìdí ààrò. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sínú fóònù. Inú agolo pẹrẹsẹ ni wọ́n ń kó o sí, ìdì kan nínú agolo kan, róòlù ni wọ́n ń pe ìdì kọ̀ọ̀kan. Fíìmù kan lè ní róòlù mẹ́fà. Bí ọ̀kan bá ń tán lọ lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, Bọ̀dá Níyì á ti fi èyí tó kàn sórí ẹ̀rọ kejì, ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. "Ọwọ́ mi ni ìtàn ń gbà kọjá," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó sì fi ń yangàn. Ìyangàn yẹn gan-an ló kó bá a.

Ní Iléyá ọdún 1986, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbénró gbé fíìmù rẹ̀ wá sí Agége. Orogún Mi Dà lorúkọ rẹ̀. Ìtàn náà ò le. Obìnrin méjì wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ kan, wọ́n ń jà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ní róòlù karùn-ún, ìyáálé kúnlẹ̀, ó bẹ ìyàwó kékeré tó ń jẹ́ Àṣàbí, àwọn méjèèjì dáná pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní róòlù kẹfà, àìsàn dé, Àṣàbí kú, wọ́n sin ín, ó parí sórí erùpẹ̀. Ohun tí Gbénró fẹ́ sọ ò ju pé kéèyàn tètè parí ìjà kí ọjọ́ tó lọ. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí òkú tó jí. Àǹtí Tẹjú, télọ̀ tó ń ránṣọ ní Òkè Kòtò, ló ṣe Àṣàbí.

Ìṣe Bọ̀dá Níyì ni pé kó dá fíìmù wò kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa fi han ayé, kó lè mọ ibi tó ti já. Ó wò ó ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi dé róòlù kẹfà. Ìsìnkú náà gùn. Wọ́n fi òwú sí imú Àṣàbí, wọ́n kan pósí, wọ́n sì ń da erùpẹ̀ sí i títí aṣọ funfun tí wọ́n ń fi sinimá hàn lára rẹ̀ fi dúdú. Ó rò ó wò. Ọmọdé ló máa kún inú ilé sinimá ní ọ̀la, pẹ̀lú aṣọ tuntun, pẹ̀lú dígí ojú olówó pọ́ọ́kú, ẹran ṣì ń dán létè wọn. Ó ní, "Bàbá mi ò gbà kí wọ́n kọ orin òkú nínú ilé lọ́jọ́ Kérésì. Ṣé èmi ni mo máa wá fi òkú lé ọmọ Mùsùlùmí lọ sílé lọ́jọ́ Iléyá?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú róòlù kẹfà, ó fi í ṣáájú ìkarùn-ún. Ó ní kí wọ́n sin òkú kíá, kí wọ́n wá fi oúnjẹ àti ẹ̀rín parí rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà á láàmú. Wọ́n kọ "Ó PARÍ" gàdàgbà sí ìdí róòlù kẹfà, kò sì ṣeé ṣe kó jáde láàárín fíìmù. Nígbà tó débẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀rọ.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. A rí i tí wọ́n sin obìnrin náà. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn. Kì í ṣe òkùnkùn tí fíìmù já, a mọ ìyẹn, a máa ń súfèé tí fíìmù bá já. Èyí dákẹ́. Mo gbọ́ èémí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ dé, a sì rí obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin tán tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, igi ìdáná lórí rẹ̀, kò yára, kò sọ̀rọ̀. Ìyáálé rí i, ó kúnlẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Obìnrin náà wò ó, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ló kọ́kọ́ ké. Ẹnìkan wá pariwo pé, "Àkúdàáyà!" Gbogbo wa la mọ àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó tún lọ ń gbé ayé níbòmíràn, tó ń tajà, tó ń bímọ, títí ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ àtijọ́ máa rí i, tí yóò sì pòórá. Bẹ́ǹṣì ń ṣubú, bàtà ọdún ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Wọ́n tan iná. Àṣé Àǹtí Tẹjú fúnra rẹ̀ wà níwájú, òun àti ọkọ rẹ̀ àti Fàúsát ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Obìnrin náà fẹ́ ṣe wá lóore ni. Ó dìde dúró láàárín ìmọ́lẹ̀ náà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má sá! Èmi rèé! Èmi rèé!"

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò tíì sá tẹ́lẹ̀ gbéra. Mo rí Fàúsát lórí itan bàbá rẹ̀, ó wo aṣọ funfun, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi orí pamọ́ sí ọrùn bàbá rẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Èmi náà sá o. N ò ní parọ́.

Gbénró fẹ́ẹ̀ lu Bọ̀dá Níyì lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, èrò tò dé ojú irin, wọ́n fẹ́ wo òkú tó padà wálé. Gbénró wò wọ́n, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó gbé kámẹ́rà sí iwájú aṣọ funfun, ó fi ká fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú òkùnkùn, pẹ̀lú ariwo àwọn èèyàn, kásẹ́ẹ̀tì náà ló sì tà káàkiri. Òun àti Bọ̀dá Níyì pa ẹnu dé. Fún gbogbo ayé, bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà nìyẹn.

Àwọn alámèyítọ́ wá gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń kọ nípa fíìmù sínú ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ní ègé ìwé náà lọ́wọ́. Ó ní, "Fíìmù yìí kò mọ ọ̀nà ilé. Òkú ń sebẹ̀, alààyè ń sunkún, èmi tí mo sanwó wò ó ò mọ ẹgbẹ́ tí mo wà." Ó ní kí Gbénró lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn náà, oníwàásù kan tẹ ìwé pélébé jáde pé ẹ̀mí òkùnkùn ló ya fíìmù náà, kí ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nílé sun ún. Àwọn èèyàn sì sun ún lóòótọ́, ìyẹn ni ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fi di ọ̀wọ́n. Ìgbà tó sì di ọ̀wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dé láti òkè òkun, ó fi odidi ojú ìwé mọ́kànlá kọ̀wé lórí òkùnkùn tó wà láàárín ìsìnkú àti ìpadàbọ̀. Ó kà á, ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ni, pé ibẹ̀ ni Gbénró ti fi yé ayé pé Yorùbá ò gbà pé ikú ni òpin. Àtẹ́lẹwọ́ Bọ̀dá Níyì ni o! Àtẹ́lẹwọ́ tí ọ̀rá ẹran Iléyá aládùúgbò ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé yẹn, gbogbo wọn yí ohùn padà. Ọ̀gbẹ́ni ìwé ìròyìn náà, tó ti darúgbó nígbà náà, kọ ọ́ síta pé òun lòun kọ́kọ́ rí ẹwà Orogún Mi Dà nígbà tí ojú aráyé ṣì fọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ kò sí ẹ̀rín lọ́dọ̀ Àǹtí Tẹjú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Iléyá yẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ wá kó aṣọ wọn, èyí tó ti rán àti èyí tí kò tíì gé. Wọn ò wọlé. Ìta ni wọ́n dúró sí, wọ́n ní kó jù ú sáwọn. Ìyá kan tó mọ̀ ọ́n láti kékeré wá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó láìṣẹ́jú, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń retí kó pòórá. Àǹtí Tẹjú sọ fún mi pé nígbà tí ìyá náà pe ìkẹta, òun náà wo ọwọ́ ara òun bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ó ní ta ni kò mọ̀ pé eré ni eré? Ìbẹ̀rù kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Abúlé kan ni wọ́n ti ya fíìmù náà, Àǹtí Tẹjú sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ibà mú un lọ́hùn-ún, ó padà wálé ní gbígbẹ, ohùn rẹ̀ ti há. Àwọn èèyàn wá rántí. Wọ́n ní àṣé ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ní ìsìnkú gidi ni Gbénró yà, pé ohun tó wọlé padà sí Òkè Kòtò kì í ṣe òun. Ọkọ rẹ̀ fara dà á fún oṣù mẹ́ta, ó wá mú Fàúsát lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tó sọ fún ọmọ náà lọ́nà nìyí: ìyá rẹ ti kú, má bá èyí tó wà ní Agége jẹun.

Àǹtí Tẹjú kó lọ sí Dopemu, ó ń ta ẹja tútù láàárín àwọn àjèjì. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí nìkan ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan láti Agége bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sẹ́yìn fìríìsà títí onítọ̀hún á fi kọjá. Èmi nìkan ni kì í sá pamọ́ fún nínú àwa ará Agége. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Bùsọ́lá, ṣé o rí i pé bí wọ́n ṣe ní àkúdàáyà máa ń gbé ayé ni mò ń gbé e yìí?" Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara mi sì bù máṣọ.

Kí ló wá ń ba Bọ̀dá Níyì lẹ́rù, òun tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe gbogbo rẹ̀? Ó yí fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún oṣù méjì. Ó ní, "Mo sin obìnrin yẹn ju ọgọ́jọ ìgbà lọ, mo sì ń rí i tó ń padà wọlé. Nígbà tó yá, n ò mọ èyí tí mo ṣe mọ́ àti èyí tó ń ṣe ara ẹ̀." Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń tú róòlù kẹfà kúrò lórí ẹ̀rọ, ohùn obìnrin kan pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó dáhùn. Ó yí padà, kò sí ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn sì wà ní títì látinú. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í dáhùn ìpè ẹ̀yìn mọ́. Nígbà tó tún pàdé Àǹtí Tẹjú ní Dopemu, tí ìyẹn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ náà tutù wọnú egungun rẹ̀. Yìnyín ẹja ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá ní làákàyè á mọ̀. Bọ̀dá Níyì ò dúró ronú, ó sá lọ.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá a wá sí Agége. Praise lorúkọ rẹ̀, ọlọ́yàyà ọmọ, awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ wá fún Bọ̀dá Níyì.

"Dádì, ẹ káàsán sà. Mo máa ń kọ lámèyítọ́ fíìmù, online. We don find am, sà! Róòlù Orogún Mi Dà gan-an gan, ilé àwọn ọmọ olóògbé Gbénró la ti rí i, lábẹ́ àtẹ̀gùn."

Bọ̀dá Níyì gbé skrúdíráfà sílẹ̀.

"A ti fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́ mọ́. A máa fi hàn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA Ìkẹjà, gbogbo àwọn critic ló ń bọ̀. Problem kan ló wà ṣá. Nọ́ńbà ara agolo ò bá fídíò mu. Róòlù ìsìnkú yẹn, six ni wọ́n kọ sí i. Àwa rò pé ẹni tó kọ nọ́ńbà ló ṣì í kọ, torí tó bá jẹ́ six lóòótọ́, ó di eré orogún lásán nìyẹn, fíìmù tó wà lára àwọn mẹ́wàá tí a fẹ́ràn jù! Ẹ̀yin lẹ yí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sà. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín, ó parí."

"Mo máa wá," ni Bọ̀dá Níyì sọ.

Ìròyìn náà dé Dopemu. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Àǹtí Tẹjú fi dé, ó ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Níyì rí i, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Bọ̀dá Níyì, ṣé ẹ ò ní ní kí n jókòó ni?"

Èmi ni mo fún un ní àpótí. Ó jókòó.

"Mo mọ̀ pé Gbénró ló ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti kú, n ò bá òkú jà. Èmi sọ ọ́ títí, wọn ò gbà mí gbọ́; ẹnu yín ló kù. Ẹ ṣá bá mi sọ ọ́ níwájú wọn pé wọ́n yí i padà ni, pé ibi tí mo ti ń sebẹ̀ ló ṣáájú. Fàúsát á gbọ́. Ó wà ní Ìyánà Ìpájà, kò jìnnà sí mi, ó máa ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Àmọ́ kò jẹ oúnjẹ mi rí. Ọmọ ẹ̀ kẹta ti ń rìn, n ò gbé e rí." Ó nu ojú. "Mo fẹ́ gbé e kí n tó kú ni."

Bọ̀dá Níyì ń wo ilẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán ló wá tú ọ̀rọ̀ náà fún mi látòkèdélẹ̀: ọmọ ọlọ́dún, róòlù, àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, Bùsọ́lá."

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Bọ̀dá mi, orí igún fúnra ẹ̀ ló pá. Oore tiyín, orí ẹlòmíì ló mú kó pá. Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n fi ọdún méjìdínlógójì sọ èèyàn alààyè di òkú, ẹ wá ń pòwe fún mi. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ ní GRA, èmi máa sọ ọ́." Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Fàúsát lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun máa wá, àmọ́ òun ò ní jókòó tì wọ́n.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ẹ̀yin tó mọ GRA, ẹ mọ bó ṣe máa ń dákẹ́ ní ọ̀sán. Inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì náà tutù, wọ́n fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé. Àwọn alámèyítọ́ kún ibẹ̀, títí kan ọ̀gbẹ́ni ìwé ìròyìn náà pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Àǹtí Tẹjú jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ẹni tó dá a mọ̀. Fàúsát wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn.

Praise fún Bọ̀dá Níyì ní makirofóònù. Ó ní, "Nọ́ńbà yẹn ò ṣàṣìṣe. Ìsìnkú ló kẹ́yìn. Kì í ṣe Gbénró ló yí i, èmi ni. Ọjọ́ Iléyá ni, n ò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbé òkú lọ sílé. Òkùnkùn tí ẹ̀ ń kọ̀wé nípa ẹ̀, ọwọ́ mi ni." Ó nà án sókè kí wọ́n rí i. "Obìnrin tó ṣe é wà láàyè. Ìyá Fàúsát, ẹ forí jì mí."

Ọ̀gbẹ́ni ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ dìde, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Mo kọ ọ́ ní 1986 pé fíìmù yìí ò mọ ọ̀nà ilé!" Ọ̀dọ́kùnrin kan dá a lóhùn pé ọwọ́ Bàbá gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà, pé ó tún wá dára sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò yíjú wo obìnrin tí wọ́n ní ó wà láàyè. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo fojú ara mi rí i.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Fàúsát ń bọ̀. Ó rọra rìn gba àárín àwọn àga, ó wá jókòó sí apá kejì ìyá rẹ̀. Ó wá ní, "Màámi," ó sì mú ọwọ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Àǹtí Tẹjú ò mira, bí ẹni tí ẹyẹ bà lé lọ́wọ́. Mo wo Bọ̀dá Níyì, ó ti sọkún tán, ó fẹ̀yìn ti àga láìsí ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Praise ní, "Oyá, ẹ jẹ́ ká wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an." Wọ́n paná.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, kò sí ìlà tàbí èérí kankan lára rẹ̀. Ó dà bíi pé àná ni wọ́n yà á. A wo ìjà, a wo ìyáálé tó kúnlẹ̀, a wo ọbẹ̀ àti ẹ̀rín, Fàúsát rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú tirẹ̀. Àìsàn dé. Ojú Àṣàbí gbẹ, ohùn rẹ̀ há. Wọ́n fi òwú sí imú rẹ̀, a rí i kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kan pósí. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lórí pákó, títí ó fi bo gbogbo rẹ̀. "Ó PARÍ" jáde. Ó dúró síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó dìde. Gbogbo wa la ti mọ fíìmù yìí, ara wa ń retí ẹ̀yìnkùlé àti igi ìdáná. Èmi náà ń retí rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé.

Wọ́n tan iná. Fàúsát ṣì ń wo aṣọ funfun. Mo rí i tó ń fa ìka rẹ̀ jáde nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Ó ní, "Kò padà wá. Bàámi sọ fún mi. Wọ́n ní kò padà wá rárá."

Mo ní, "Fàúsát, eré ni."

Ó wo ẹni tó jókòó tì í láti orí dé ẹsẹ̀, ó dìde, ó kí wa bí ọmọlúàbí, ó sì jáde. Ìgbà tí mo sáré dé ẹnu géètì, kẹ̀kẹ́ tó gbé e ti ń yà sí ọ̀nà. Mo padà wọlé. Àwọn alámèyítọ́ ṣì ń jiyàn. Bọ̀dá Níyì dúró níwájú Àǹtí Tẹjú. Obìnrin náà gbé ọwọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lé itan, ó ṣí i sílẹ̀, ó ń wò ó.

Ó ní, "Bọ̀dá Níyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sí bí ẹ ṣe ṣe é. Nínú tiyín, Àṣàbí tiẹ̀ padà wálé."